Sányán Ìyá Àgbà Mi àti Àwọn Mùsíọ̀mù Òkè Òkun

Ẹ rìn yí Ìṣẹ́yìn ká láàárọ̀, ìró òfì ni yóò máa kí yín láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti jáde yunifásítì wà nídìí rẹ̀, àwọn bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún náà kò tíì dìde kúrò níbẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ń hun lọ́sẹ̀ yìí, ìyàwó kan l'Ékòó yóò fi wé gèlè kí oṣù tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí á mú aṣọ tó ti pé ọgọ́ta ọdún jáde fún yín, ẹ óò rí i pé kálukú yóò máa wojú ẹnì kejì. Ìdílé tó ti ń hunṣọ láti ayé bàbá ńlá wọn lè má ní àwẹ́ kan ṣoṣo tí bàbá ńlá náà hun. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí, nítorí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, aṣọ òkè ni mo sì ń tà tí mo fi tọ́ ọmọ.

Ibi tí àwọn aṣọ náà lọ, mo ti dé díẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo fi ojú rí ni mo fẹ́ sọ, pàápàá fún àwọn ahunṣọ tó rò pé ọ̀rọ̀ mùsíọ̀mù kò kàn wọ́n.

Ìyá tó bí bàbá mi kò hun aṣọ òkè rí. Iṣẹ́ ọkùnrin ni òfì alátẹsẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Àwọn obìnrin ló ń ran òwú, àwọn ló sì ń rẹ ẹ́ láró. Sányán ni ìyá àgbà ń ràn. Kòkòrò kan ló ń ṣe é, ẹ̀kukù là ń pè é. Ẹ̀kukù kì í dá gbé. Wọ́n á kóra jọ sára igi, pàápàá igi ìrà tó wà káàkiri ọ̀dàn wa, wọ́n á jẹ ewé rẹ̀ yó, wọ́n á wá para pọ̀ kọ́ ilé kan ṣoṣo tó pupa rúsúrúsú tó sì yi, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ran tirẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn ọdẹ àti àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti ìhà Òkè-Ihò àti Ìgànná ló ń já ilé ẹ̀kukù wá fún wọn. Kòkòrò inú rẹ̀ kò ṣòfò, jíjẹ ni. Irun ara rẹ̀ ló burú: bó bá kan ni lára, èèyàn á họra títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo rántí pé ìyá àgbà máa ń fi epo pupa pa ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, wọn kì í sì í jẹ́ kí àwa ọmọdé sún mọ́ ọn.

Omi eérú ni wọ́n fi ń sè é. Ìkòkò á wà lórí iná láti òwúrọ̀, wọ́n á máa fi igi rò ó, títí ohun tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ á fi yọ́ dànù. Wọ́n á fọ̀ ọ́ ní omi lẹ́yìn omi, wọ́n á sá a síbòòji. Bó bá gbẹ, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa fi ìka tú u díẹ̀díẹ̀ títí á fi rọ̀ tí á sì fúyẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó mú ìrànwú, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní amọ̀ rìbìtì nídìí, wọ́n á tẹ ìka bọ ẹfun kó má baà lẹ̀, wọ́n á wá ta igi náà kó máa yí. Òwú tó ń jáde kì í dán. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ ọ̀dàn nígbà tí ọyẹ́ bá mú. Ó nípọn níhìn-ín, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún, nítorí ìka èèyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti mọ òwú yẹn kò lè ṣì í mọ̀ láéláé. Èmi gan-an, ìmọ̀ kan ṣoṣo tí mo jogún lọ́wọ́ ìyá àgbà nìyẹn, òun ló sì ṣí ilẹ̀kùn fún mi lẹ́yìn ọ̀la.

Nínú àwọn aṣọ òkè àtijọ́, mẹ́ta ni olórí. Ẹtù ni èyí tí wọ́n ri sínú aró ẹ̀lú léraléra títí tó fi dúdú kirikiri, tí wọ́n wá fi ìlà funfun tín-ín-rín là á, kó lè jọ ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù. Àlàárì ni tirẹ̀ pupa. Sẹ́dà rẹ̀ gba Tripoli wọ aṣálẹ̀ Sàhárà, ó dé Kánò kó tó dé ọ̀dọ̀ àwa. Sányán ni wọ́n ń pè ní bàbá aṣọ, òun nìkan sì ni sẹ́dà tó jẹ́ pé inú igbó wa ló ti wá. Èyí tí ẹ ń rà lọ́jà lónìí lábẹ́ orúkọ sányán, òwú ilé iṣẹ́ tí wọ́n pa láró ni. Mo ń tà á, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà mi.

Nígbà tí ìyá àgbà papò dà, wọ́n pín ogún wọn bó ṣe yẹ. Ìró sányán kan wà nínú àpótí, òwú ọwọ́ ara wọn ni, ọkọ wọn ló sì hun ún. Gbogbo ọmọ ló fẹ́ ẹ. Àwọn àgbà ní kí wọ́n tú ojú rírán rẹ̀, kí kálukú mú àwẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi tiwọn rán fìlà. Àwọn àbúrò wọn obìnrin fi tiwọn ṣe ìborùn. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ náà, ìfẹ́ ìyá wọn ló mú kí wọ́n pín in. Ṣùgbọ́n òógùn ń ba fìlà jẹ́, ìborùn sì ń sọnù lóde àríyá. Àwẹ́ kan ló kù nígbà tí mo dàgbà tán, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti tà á fún àwọn alágbàtà tó máa ń wá láti Èkó. Àwọn alágbàtà wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n á wọ agbo ilé, wọ́n á kí àwọn ìyá arúgbó, wọ́n á béèrè bóyá aṣọ àtijọ́ kan wà tí eku ń jẹ. Owó tí wọ́n ń san kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó máa ń bọ́ sí àkókò tí owó ilé ìwé ọmọ ń lé ni. Bí a bá ń béèrè bí ọ̀pọ̀ aṣọ wa ṣe kúrò nílé, èyí wà nínú ìdáhùn.

Ọdún 2022 ni ọmọ mi obìnrin bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ní kí n wá wẹ ọmọ. Òun ló sọ fún mi pé Victoria and Albert Museum ń ṣe àfihàn aṣọ Áfíríkà. A gbé ọmọ pọ̀n, a lọ.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ilé tí ilé náà jẹ́, nítorí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́. Ọdún 1852 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kì í sì í ṣe àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń wá ohun tí wọn yóò fi najú ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ohun ọ̀ṣọ́, aṣọ, ìkòkò, àga àti irin ni wọ́n kó síbẹ̀, kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè wá wò ó, kí iṣẹ́ tiwọn lè dára sí i. Henry Cole, ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀, fi iná gáàsì sí i kó lè ṣí sílẹ̀ lálẹ́, kí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ látàárọ̀ lè ráyè wá. Ẹ gbọ́ ná: ahunṣọ àti alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ní lọ́kàn! Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí, n kò wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́ bí àlejò tó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn. Oníṣẹ́ ni mí, ilé oníṣẹ́ sì ni.

Africa Fashion ni wọ́n pe àfihàn náà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 2022, ó sì parí ní oṣù kẹrin 2023. Àádọ́sàn-án ọdún ti kọjá lórí ilé yẹn kí wọ́n tó ṣe irú rẹ̀ fún ilẹ̀ adúláwọ̀. Ẹni tí mo dúró tì jù lọ níbẹ̀ ni Ṣadé Thomas-Fahm. Ìyá yìí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1953 láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó yà bàrá sídìí aṣọ rírán, ó sì padà sílé ní 1960, ọdún òmìnira, láti ṣí ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó. Àwọn obìnrin tó ní iṣẹ́ ọ́fíìsì nígbà yẹn ń wọ aṣọ òyìnbó nítorí ìró máa ń tú. Ó fi síìpù sí ìró. Ó ṣe gèlè tí a kàn ń dé sórí bíi fìlà. Ó sọ agbádá ọkùnrin di aṣọ obìnrin. Aṣọ òkè àti àdìrẹ tí àwọn kan ń wò bí aṣọ ará oko nígbà náà, ó gbé wọn wọ ìlú. Àwa tí à ń tà á lónìí ń jẹ lára iṣẹ́ tó ṣe, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń hun aṣọ n'Ìṣẹ́yìn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Inú mùsíọ̀mù aṣọ máa ń ṣókùnkùn. Ojú mi kò gbà á lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé iná wọn ti fẹ́ lọ bíi tiwa. Ọmọ mi béèrè fún mi. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ń jẹ aró, ó sì ń mú kí òwú já, nítorí náà ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ lux 50 péré ni àwọn tó ń tọ́jú aṣọ ń gbà láyè, wọn kì í sì í pàtẹ aṣọ kan títí lọ. Wọ́n á gbé e wọlé lọ sinmi. Mo mi orí. Ìyá àgbà kò mọ lux, ṣùgbọ́n wọn kò sá ẹtù sóòrùn rí láyé wọn. Ẹni tó bá lọ, kó ní sùúrù. Kó wá bẹ́ǹṣì jókòó sí fúngbà díẹ̀, ojú á là, ohun tó kọ́kọ́ dà bí dúdú lásán á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlà rẹ̀ hàn.

Ohun kejì tí mo rí kọ́ ni pé kí èèyàn má wo iwájú aṣọ nìkan. Iwájú ni wọ́n fẹ́ kí ẹ wò. Ẹ wo etí rẹ̀ àti ojú ibi tí wọ́n ti so àwẹ́ méjì pọ̀, bóyá ọwọ́ ló rán an tàbí ẹ̀rọ. Ẹ wo ọrùn, ibi tí òógùn ti ṣe é. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, nítorí ibẹ̀ lẹ óò ti mọ̀ pé ẹnìkan fẹ́ràn aṣọ yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ kó kú. Ohun kan sì wà tí n kò rí ní mùsíọ̀mù kankan: ìrìn. Wọ́n á na apá agbádá sórí igi gbọọrọ kí ọnà rẹ̀ lè hàn, ó sì ń hàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n agbádá tí ẹnìkan kò ká sí èjìká, tí apá rẹ̀ kò jábọ́ kí ó tún gbé e padà, kò tíì di agbádá. Ọmọ òyìnbó tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lè rò pé bí a ṣe ń dúró nìyẹn, apá méjèèjì ní nínà.

Àfihàn yẹn dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò pa òùngbẹ mi. Sányán ni mò ń wá. Mo ti gbọ́ pé ohun tí wọ́n ń pàtẹ kò tó nǹkan lára ohun tó wà nípamọ́, mo sì bẹ ọmọ mi kó kọ̀wé sí mùsíọ̀mù mìíràn ní orílẹ̀-èdè yẹn, tí n kò ní dárúkọ, pé mo fẹ́ wo aṣọ Yorùbá tó wà ní ẹ̀yìn ilé wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. Nígbà tí wọ́n fèsì, wọ́n béèrè yunifásítì tí mo ti ń ṣèwádìí. Ọmọ mi wò mí.

"Màámi, kí ni kí n kọ?"

"Kọ ọ́ pé ìdí òfì ni mo ti wá, Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ń pe ìlú náà. Bó bá wù wọ́n, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Bí kò bá wù wọ́n, kí wọ́n sọ fún wa."

A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo máa ń jí lóru bojú wo fóònù ọmọ mi bóyá wọ́n ti dáhùn, bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Wọ́n ṣí i nígbẹ̀yìn. Ọmọbìnrin òyìnbó kan tó ń tọ́jú ibẹ̀ tẹ́ pépà funfun sórí tábìlì gígùn, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ sílẹ̀ pẹ̀lú sùúrù tí mo mọrírì. Ẹtù kan wà níbẹ̀ tó mú mi rẹ́rìn-ín fún ìdùnnú, nítorí iṣẹ́ náà mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé ìró kan jáde. Àkọlé tí wọ́n so mọ́ ọn kò ju nọ́ńbà kan lọ, orúkọ Nàìjíríà, àti pé òwú ni wọ́n fi hun ún.

N kò nílò kí n fọwọ́ kàn án. Mo tẹ̀ síwájú, mo rí òwú tí kì í dán, tó nípọn níhìn-ín tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ní kí ọmọ mi sọ fún un pé kòkòrò ló ṣe òwú yìí, pé sányán ni. Ó gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi wá, òun náà wò ó, ó wá pe ẹnìkejì rẹ̀. Mo fi ìka mẹ́rin díwọ̀n àwẹ́ kan láìfara kàn án, ó ṣe rẹ́gí. Mo fi ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ hàn wọ́n, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni. Láàárín aṣọ náà ni mo ti rí ohun tó mú omi bọ́ lójú mi: láti àwẹ́ kan sí èkejì, òwú náà yàtọ̀. Àwọn àwẹ́ kan ní òwú tó dọ́gba, tó tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú àwọn yòókù ó rí gbágungbàgun, ó sì le. Ó kéré tán, obìnrin méjì ló ran òwú aṣọ yẹn. Ó lè jẹ́ ìyá àti ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́. Ó lè jẹ́ ìyálé àti ìyàwó. Aṣọ náà kì í ṣe ti ìyá àgbà mi, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n irú ọwọ́ wọn ló wà níbẹ̀.

Mo béèrè ẹni tó ni ín. Wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Orúkọ òyìnbó tó fi ta wọ́n lọ́rẹ wà níbẹ̀, ọdún tó fi ta wọ́n lọ́rẹ wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn tó se òwú, tó ràn án, tó hun ún, tó ró o, kò sí. Orúkọ ìlú pàápàá kò sí. Mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi ń túmọ̀, ọmọbìnrin náà ń kọ. Ó béèrè ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀kukù ti jinná nínú omi eérú? Mo ṣí ẹnu, mo sì rí i pé n kò mọ ìdáhùn. Ìyá àgbà ló mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti bá a lọ. Aṣọ wà lórí tábìlì níwájú wa, ó mọ́, kòkòrò kò jẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni kankan nínú yàrá yẹn tó lè tún irú rẹ̀ ṣe. Ìrora yẹn ni mo gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé.

Nǹkan ti rọrùn díẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ nísinsìnyí. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2025, Victoria and Albert Museum ṣí ilé ìpamọ́ ńlá kan ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, V&A East Storehouse ni wọ́n pè é. Ẹnikẹ́ni lè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, kó yan ohun márùn-ún tó fẹ́ wò nínú àkójọ wọn, kó dá ọjọ́, wọ́n á gbé e síwájú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í sì í béèrè yunifásítì. Ọmọ Òkè-Ògùn tó wà nílùú ọba, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ahunṣọ, tó ń gba iwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, kó wọlé.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá kí àwọn mùsíọ̀mù dá gbogbo ohun wa padà. Ti idẹ Benin, èyí tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ipá kó ní 1897, kò ní àríyànjiyàn lọ́dọ̀ mi: kí wọ́n dá a padà. Ọ̀rọ̀ aṣọ wa kò rí bákan náà, nítorí ọjà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ gbà lọ. Ẹ wo Charles Beving, oníṣòwò aṣọ tó ń tajà láti Manchester sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ó ra aṣọ ìbílẹ̀ káàkiri etí òkun wa, ó kó o lọ sílé, kí ilé iṣẹ́ lè wo ọnà rẹ̀, kí wọ́n tẹ irú rẹ̀ sára aṣọ ẹ̀rọ tí wọn yóò tún tà fún wa. Ọmọ rẹ̀ ló kó àkójọ náà fún British Museum ní 1934. Ẹ rí i pé àwọn oníṣòwò òyìnbó mọ̀ tipẹ́ pé aṣọ àtijọ́ jẹ́ ìwé tí oníṣẹ́ ń kà. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni aṣọ wa nípamọ́ ni pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn ahunṣọ, kí wọ́n san owó ọkọ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń san ti ọ̀jọ̀gbọ́n, kí wọ́n sì wá orúkọ àwọn tó ni iṣẹ́ náà.

Pé ó ṣeé ṣe, ẹ̀rí wà. Ẹ̀kú egúngún kan wà ní Brooklyn Museum ní New York, ó ti wà lọ́wọ́ wọn láti 1998. Aṣọ tó wà lára rẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún, láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà. Ní 2019 wọ́n ṣe àfihàn odidi kan fún ẹ̀kú kan ṣoṣo yìí. Wọ́n ti ṣe ìwádìí títí wọ́n fi mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, láti ìdílé Lekewọgbẹ, pé láàárín 1920 sí 1948 ni wọ́n ṣe é. Ó ní ìlú, ó ní ìdílé, ó ní ìgbà. Nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn yìí, ohun tí mo ti ń wò láti kékeré wá yé mi lákọ̀tun. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀kú egúngún ni àpótí aṣọ tí a kì í pín. Bí ọdún bá yí po, ìdílé á tún fi tuntun kún un, èyí tó wà tẹ́lẹ̀ á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo bá àwọn àgbà ìdílé kan sọ̀rọ̀ lórí èyí. Ohun tí obìnrin kò gbọdọ̀ rí, n kò béèrè. Wọ́n sọ pé àwẹ́ aṣọ òfì àtijọ́ wà nínú ẹ̀kú wọn, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Nígbà tí mo padà dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó lè dáhùn ìbéèrè ọmọbìnrin òyìnbó yẹn. Kò rọrùn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn mìíràn ti mọ̀ ọ́n rí ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìyá arúgbó kan ní abúlé kan lọ́nà Òkè-Ihò ló gbà láti kọ́ mi. Ẹ̀kukù fúnra rẹ̀ di ìṣòro. Igi ìrà tó kún ọ̀dàn nígbà èwe mi ti ń pòórá sínú iná èédú. Ẹ dúró ní ọ̀nà Ṣakí lójú alẹ́, ẹ óò rí ọkọ̀ ńlá tó di àpò èédú dé òkè. N kò bú ẹni tó ń sun èédú, ebi ń pa á; ṣùgbọ́n ibi tí igi bá ti tán, sányán náà tán níbẹ̀. Àwọn ọdẹ wá a káàkiri kí wọ́n tó rí ìwọ̀nba díẹ̀ já wá.

Ìyá náà ní kí n wò dáadáa. Wọ́n fi igi yọ fọ́nrán díẹ̀ nínú ìkòkò, wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fà á. "Bó bá ń fà padà, kò tíì jinná. Bó bá já pẹ́ẹ́, o ti sè é kú. Kó yọ̀ jáde, kó sì wà lódidi, ìyẹn ni." Ìdáhùn náà nìyẹn. Ó kúrú, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó kúrò nídìí ààrò, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà ní mùsíọ̀mù rẹ̀. Ó kọ̀wé padà pé àwọn ti tún àkọlé aṣọ náà kọ: sányán ni wọ́n pè é báyìí.

Òwú tí a rí ràn kò tó ìró. Mo gbé e lọ bá bàbá tó ń hun aṣọ fún mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ bá mi wò ó, ṣé ó lè tó nǹkan?"

Wọ́n yí i wò, wọ́n fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọn kò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. "Ìgbà tí mo rí èyí kẹ́yìn, ìyáàfin, mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni. Kò ní tó ta. Jẹ́ kí n fi òwú funfun ta á, kí n wá máa fi èyí hun ún. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣọ́ ọn lò nìyẹn nígbà tí kò bá pọ̀."

Àwẹ́ kan ni wọ́n rí hun. Àwọn oníbàárà ti fi owó ńlá lọ̀ mí lórí rẹ̀. A kò tà á, a kò sì ní fi rán nǹkan kan. Ó wà nínú yàrá kan ní agbo ilé wa, níbi tí oòrùn kì í dé, pẹ̀lú ìwé tí orúkọ ọdẹ tó já ẹ̀kukù wà nínú rẹ̀, orúkọ ìyá tó sè é, orúkọ àwa tí a ràn án àti orúkọ bàbá tó hun ún. Inú yàrá yẹn kan náà ni a ti ń wo àwọn aṣọ àtijọ́ tí ìdílé mìíràn ń mú wá. Bí ilé yín bá fẹ́ pín ogún, ẹ kọ́kọ́ mú aṣọ náà wá, yálà Ìṣẹ́yìn lẹ wà, tàbí Ṣakí, tàbí Òkè-Ihò, tàbí Kíṣì. A kì í gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A ó ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, a ó wo òwú rẹ̀, a ó bi yín léèrè ẹni tó ni ín, ẹni tó hun ún àti òde tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó sì gbé aṣọ yín lọ sílé kí ẹ lọ ṣe é bó ṣe wù yín.